ORÍ BÍBẸ́ KỌ́ NI OÒGÙN ORÍ FÍFỌ́: ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÍ WỌ́N NÍ ÒǸKÀ YORÙBÁ Ń DÁ ỌPỌLỌ ỌMỌ LÁÀMÚ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin ní ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín wa. A ń gbọ́ ọ ní yàrá àwọn olùkọ́, a ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ pé èdè Yorùbá gan-an ni wọ́n wá kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀rọ̀ náà ni pé òǹkà Yorùbá ti le jù. Pé ọpọlọ ọmọdé kò lè gbé e. Pé bí a bá fẹ́ kí ọmọ mọ ìṣirò, kí á yára máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ láti ọjọ́ tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ kan ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún da epo sí iná ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí wọ́n fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí á máa fi èdè àbínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tí wọ́n ń kọ orin yìí ti rí ìlù jó sí.

Mo kọ àpilẹ̀kọ yìí láti takò wọ́n. N kò ní fi ìfẹ́ àṣà nìkan jà, nítorí pé bí a bá ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò nínú àṣà padà wá nítorí àṣà, ẹ̀rín ni yóò fi wá rín. Orí ọpọlọ ni wọ́n gbé ẹjọ́ wọn kà. Ibẹ̀ náà ni n ó ti pàdé wọn. Ẹ jẹ́ kí á pe ọpọlọ wá síwájú, kí ó wá jẹ́rìí fúnra rẹ̀.

Ẹjọ́ tí Wọ́n Rò

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn bí ó ti yẹ.

Wọ́n ní, ẹ wo 45. Ohun tí ojú rí ni 4 àti 5. Gẹ̀ẹ́sì pe ogójì ṣáájú, ó sì pe márùn-ún tẹ̀ lé e. Bí ojú ti rí i náà ni ẹnu pè é. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní márùndínláàádọ́ta. Ojú ọmọ wà lára 4, ẹnu rẹ̀ ń pe àádọ́ta. Ó rí 5 tí a kọ sílẹ̀, wọ́n ní kí ó yọ márùn-ún mìíràn tí kò rí kúrò. Àádọ́ta náà kò sì dá dúró, nítorí ogún mẹ́ta tí a yọ mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀ ni. Wọ́n wá béèrè pé: ọmọ ọdún mẹ́fà wo ni yóò ru irú ẹrù báyìí tí ọrùn rẹ̀ kò ní wọ̀?

Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, n ó sì fún òtítọ́ náà ní àyè rẹ̀ níwájú. Àbùkù ibẹ̀ ni pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń pè ni iye náà fúnra rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn, wọ́n rò pé iye náà le. Ibí yìí ni ọpọlọ ti yà kúrò lẹ́yìn wọn.

Aṣọ Mẹ́ta ni Iye Ń Wọ̀

Kí ni à ń pè ní méje? Bí ìyá ọlọ́sàn bá to ọsàn méje sórí àtẹ, méje ni. Bí olùkọ́ bá fi ẹfun kọ 7 sára pátákó, méje náà ni. Bí ọmọ bá la ẹnu tí ó ní “èje”, méje náà ni. Ṣùgbọ́n ọsàn kò jọ àmì, àmì kò sì jọ ohùn. Nínú ọjà tí onírúurú ẹ̀yà ti ń pàdé, Haúsá yóò pè é ní bakwai, Ìgbò yóò pè é ní asaa. Ohùn yí padà, ọsàn kò dín kan, àmì náà kò sì yí padà. Ìtumọ̀ èyí ni pé aṣọ mẹ́ta ni iye kan ṣoṣo ń wọ̀ jáde: ohun kíkójọ tí ojú ń rí, àmì tí a ń kọ, àti ọ̀rọ̀ tí ẹnu ń pè.

Ní ọdún 1992, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Stanislas Dehaene fi ìlànà kan lélẹ̀ tí ó ṣàlàyé bí ọpọlọ ṣe ń ṣe ìtọ́jú aṣọ mẹ́ta yìí. Ó ní kì í ṣe ojú kan náà ni ọpọlọ ń kó wọn sí. Àmì bí 7 ń gba apá ẹ̀yìn ọpọlọ nísàlẹ̀, níbi tí a ti ń dá ohun tí a rí mọ̀. Ọ̀rọ̀ òǹkà ń gba apá òsì, níbi tí èdè fi ṣe ibùgbé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ibẹ̀ náà ni ìsọdipúpọ̀ tí a há sórí máa ń gbé. Iye fúnra rẹ̀, ìmọ̀ pé èyí pọ̀ ju ìyẹn lọ, ń gbé ní apá òkè, lẹ́bàá kòtò tóóró kan tí ó wà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ọ̀nà wà láàárín ibùgbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ọ̀nà wọ̀nyí bá là dáadáa fún ni à ń pè ní ẹni tí ó mọ ìṣirò.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá? Lọ́nà kìíní, ẹ wo àwọn tí àìsàn ti ba ibì kan jẹ́ nínú ọpọlọ wọn. Ní ọdún 1995, Laurent Cohen àti Dehaene ṣe àkọsílẹ̀ nípa àwọn aláìsàn tí wọn kò lè ka àmì òǹkà jáde láìṣìnà mọ́. Bí a bá fi àmì méjì hàn wọ́n, wọ́n lè fi orúkọ òmíràn pè wọ́n. Síbẹ̀, bí a bá ní kí wọ́n mú èyí tí ó pọ̀ jù, wọn yóò mú un. Ẹnu ti sọ orúkọ nù, iye ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni iye, báwo ni èyí yóò ṣe ṣeé ṣe?

Lọ́nà kejì, ní ọdún 2018, Esther Kutter, Andreas Nieder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilẹ̀ Jámánì tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn wárápá 9. Àwọn dókítà ti fi wáyà tín-ín-rín sínú ọpọlọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí nítorí ìtọ́jú, nítorí náà ó ṣeé ṣe láti gbọ́ bí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ṣe ń dáhùn. Wọ́n fi iye hàn wọ́n, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹyọ tó-tò-tó, nígbà mìíràn pẹ̀lú àmì tí a kọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń dáhùn sí iye ẹyọ, àwọn mìíràn sì wà tí ń dáhùn sí àmì, ọ̀tọ̀ sì ni àwùjọ méjèèjì fún ìdí púpọ̀. Ní ọdún 2007 ẹ̀wẹ̀, Manuela Piazza àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ní apá òkè ọpọlọ, ẹyọ àti àmì máa ń pàdé. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ìpàdé náà ṣe jinlẹ̀ tó, ṣùgbọ́n wọn kò jiyàn pé aṣọ kan kì í ṣe aṣọ kejì.

Lọ́nà kẹta, ẹ wo ara wa tí ara wa le. Ní ọdún 1967, Robert Moyer àti Thomas Landauer fi àmì méjì méjì hàn àwọn àgbàlagbà, wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn ènìyàn yára mú 9 lára 2 àti 9, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra díẹ̀ bí ó bá jẹ́ 8 àti 9. Èéṣe? Àmì ni 8, àmì ni 9. Ìrísí wọn kò sún mọ́ ara wọn ju ti 2 àti 9 lọ. Iye tí ó wà lẹ́yìn wọn ni ó sún mọ́ ara. Ní ọdún 1982, Henik àti Tzelgov fi hàn pé bí a bá kọ 3 gàdàgbà, tí a kọ 8 tín-ín-rín, tí a sì béèrè lọ́wọ́ ènìyàn pé èwo ni a kọ tóbi jù, yóò lọ́ra kí ó tó dáhùn, nítorí iye tí a kò bi í léèrè ń fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn. Lára ẹni tí ó ti mọ̀wé, àmì kò lè wọlé kí iye má tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n a kò bí ọmọ kankan pẹ̀lú ìdè tí ó so àmì mọ́ iye. Olùkọ́ ni ó ń so ó.

Òótọ́ tí Ó Wà Nínú Ẹjọ́ Wọn

Mo ti ṣe ìlérí pé n ó fún òtítọ́ ní àyè rẹ̀. Bí a ti to ọ̀rọ̀ òǹkà ní ipa tí ó ń kó. Àwọn Jámánì kì í pe ogún ṣáájú ọ̀kan. Ọ̀kan ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, kí wọ́n tó pe ogún. Nínú ìwádìí tí Zuber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, àwọn ọmọ ilẹ̀ Austria tí ń sọ èdè Jámánì kọ òǹkà tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, nǹkan bí ìdajì àṣìṣe wọn ni ó sì jẹ mọ́ ìyípòpadà yìí: wọn a gbọ́ ọ̀kan ṣáájú, wọn a sì kọ ọ̀kan ṣáájú. Àwọn Faransé ń pe 97 ní ogún mẹ́rin àti mẹ́tàdínlógún. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Denmark fi ń pe 50 wá láti inú ìdajì ogún kẹta, ìyẹn ni pé ogún méjì pé, ìkẹta dé ìdajì.

Ẹ wá dá mi lóhùn, ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ kí á kó òǹkà Yorùbá dà sí ààtàn. Ṣé Austria fi Jámánì sílẹ̀? Ṣé àwọn Faransé ní kí á máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ àwọn ní ìṣirò nítorí 97? Ṣé Denmark kò ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ mọ́ ni? Àwọn ará Norway rí ìṣòro tí ó jọ ti Jámánì yìí nínú èdè wọn. Ní ọdún 1951, wọ́n tún ọ̀nà òǹkà wọn tò ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ẹnu lè máa bá àmì rìn. Wọ́n tún èdè wọn tò, wọn kò tìtorí rẹ̀ gba èdè elédè. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kí á jókòó, kí á sọ ọ̀rọ̀ àtúntò òǹkà wa, n ó bá a jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí á fi òǹkà wa sílẹ̀ nítorí pé ó ń fa ẹ̀fọ́rí, orí bíbẹ́ ni ó fẹ́ fi ṣe oògùn orí fífọ́.

Òǹkà Yorùbá Kì í Ṣe Ti Ẹnu Nìkan

Nísinsìnyí, mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Àwọn tí wọ́n ń bẹnu àtẹ́ lu òǹkà wa ti bọ́ ọ sí ìhòòhò kí wọ́n tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gba ohun tí ojú ń rí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan sílẹ̀, wọ́n wá ní ọ̀rọ̀ ẹnu náà wúwo. Òǹkà Yorùbá kò fi ìgbà kan jẹ́ ti ẹnu nìkan. Ọwọ́ àti ojú ni ó fi dàgbà.

Ní ọdún 1871, ọ̀mọ̀wé ará England kan, William Stanley Jevons, ń da ẹ̀wà dúdú sínú àpótí, ó ń wò ó ní wàràwéré, ó sì ń sọ iye tí ó rò pé ó wà níbẹ̀ láìkà á. Ó ṣe é ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ. Bí ẹ̀wà bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò ṣìnà rárá. Bí ó bá di márùn-ún, àṣìṣe a bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba; bí ó bá sì ń pọ̀ sí i, àṣìṣe náà a máa pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń jẹ́rìí sí i: ojú ènìyàn a máa mọ iye títí dé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìwòẹ̀ẹ̀kan, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí á kà á, tàbí kí á pín in sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́.

Ẹ wá wo ọpọ́n ayò. Ilé méjìlá ni, ọmọ mẹ́rin ni a ń kó sínú ilé kọ̀ọ̀kan nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá mọ ayò kì í ka ọmọ tí ó wà nínú ilé bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó wò ó, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ojú ọpọ́n Ifá. Ìlà mẹ́rin ni ó wà ní ẹsẹ̀ odù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tàbí méjì sì ni àmì tí ń wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Babaláwo kò ka Ogbè kí ó tó mọ̀ pé Ogbè ni. Ẹ wo bí a ti ń ka owó ẹyọ. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tí ó gbé ní Ìjàyè, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1887 pé ẹni tí ń ka owó ẹyọ a máa fa márùn-ún márùn-ún kúrò lára òkìtì títí tí yóò fi di ogún. Yóò kó ogún márùn-ún jọ di ọgọ́rùn-ún, yóò sì kó ọgọ́rùn-ún méjì jọ di igba. A ń sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ń jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ń kún inú ọ̀kẹ́ kan. Nínú gbogbo ètò yìí, kò sí ibi tí a ti ní kí ènìyàn di iye mú ní orí òfìfo. Ọwọ́ ń fà á, ojú ń rí i, ẹnu ń pè é.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí àwọn alátakò ronú sí. Nínú òǹkà Yorùbá, lẹ́yìn mẹ́wàá, ohun tí à ń fi kún tàbí tí à ń yọ láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́sàn-án kì í ju márùn-ún lọ. Oókànlá títí dé ẹẹ́rìnlá, ọ̀kan títí dé mẹ́rin ni a fi kún. Aárùndínlógún títí dé oókàndínlógún, márùn-ún títí dé ọ̀kan ni a yọ. N kò sọ pé ìdí tí àwọn baba wa fi tò ó bẹ́ẹ̀ nìyí. Mo sọ pé bí ó ti rí nìyí, àti pé ó bá ojú mu. Bí ọmọ bá wo 17 nínú ohun kíkójọ, ojú rẹ̀ kò lè mú ẹyọ méje tí ó lé lórí mẹ́wàá ní ìwòẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá ya ogún òbìrí sílẹ̀, márùn-ún márùn-ún ní ìlà mẹ́rin, tí ó sì fi kóró mẹ́tàdínlógún sínú wọn, ojú ọmọ yóò mú àyè mẹ́ta tí ó ṣófo láìkà á. Ẹnu rẹ̀ yóò sì pe ohun tí ojú rẹ̀ rí: mẹ́ta dín ní ogún.

Kí á padà sí 45 tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá. Ẹ ya àádọ́ta òbìrí sílẹ̀, márùn-ún márùn-ún ní ìlà mẹ́wàá. Ẹ fi kóró sí ìlà mẹ́sàn-án, kí ẹ fi ìlà ìkẹyìn sílẹ̀ ní òfìfo. Ọmọ wò ó: àádọ́ta ìbá pé, márùn-ún ni kò sí níbẹ̀. Márùndínláàádọ́ta nìyẹn. Ẹ wá ní kí ọmọ kan náà so ìlà méjì méjì pọ̀. Mẹ́wàá mẹ́rin yóò jáde, ìlà kan yóò ṣẹ́kù tí ó ní márùn-ún. 45 tí a kọ sára pátákó nìyẹn. Kóró kan náà, àtẹ kan náà. Àmì rí ibi dúró, ọ̀rọ̀ rí ibi dúró. Ìjà tí wọ́n ní ó wà láàárín ojú àti ẹnu ọmọ ti parí, nítorí pé iye tí ó jẹ́ alárinà wọn ti wà láàárín. Ọmọ tí ó bá rí èyí ti gba ohun kan tí ẹni tí ó há “forty-five” sórí kò gbà: ó ti mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni a lè gbà dé orí iye kan, nípa àkúnpọ̀ àti nípa ìyọkúrò.

Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Bí kì í bá ṣe òǹkà ni ó jẹ̀bi, ta ni? Àwa olùkọ́ ni. Ẹ lọ sí ọ̀pọ̀ kíláàsì ìwé kìíní. Olùkọ́ kọ 1 títí dé 50 sára pátákó, ó mú pàṣán, ó ń tọ́ka, àwọn ọmọ ń pariwo tẹ̀ lé e. Aṣọ méjì péré ni ó wà níbẹ̀, àmì àti ariwo. Iye kò sí ní kíláàsì. Ọmọ yóò ka 50 láìṣìnà ní ọjọ́ Ẹtì; bí a bá da kóró síwájú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé pé kí ó mú 23, yóò máa wò wá lójú. Ìyẹn sì ń ṣẹlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ ní Yorùbá. Bí a bá ní kí ọmọ tí ebi iye ń pa lọ pààrọ̀ èdè, abọ́ ni a pààrọ̀ fún un, a kò fún un ní oúnjẹ.

Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá náà kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò. Kí ni à ń ṣe sí òǹkà nínú ìdánwò wa? A ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 185 tàbí 2,500 ní Yorùbá, a fún un ní máàkì, ó parí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀, síbẹ̀ kí ó má lè ṣàlàyé fún ọmọdé pé igba mẹ́ta tí a yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀ka ìṣirò ẹ̀wẹ̀ ní òǹkà Yorùbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwọn. Báyìí ni ọmọ ṣe bọ́ sí àárín méjì, tí ó di ọmọ tí kò ní olùtọ́jú.

Ní ti ìjọba, ohun tí a gbọ́ ni pé àwọn ọmọ ń kùnà nínú ìdánwò, nítorí náà kí èdè àbínibí máa lọ. Ọdún 2022 ni wọ́n fi ọwọ́ sí ìlànà náà, ọdún 2025 ni wọ́n fagi lé e. Ọmọ tí ó wọ ìwé kìíní lẹ́yìn ìlànà náà kò tíì parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Báwo ni ó ṣe wá kùnà nínú ìdánwò àṣekágbá ilé-ẹ̀kọ́ girama? Ìlànà ọdún 1977 tí ó ṣáájú, tí ó fi èdè àyíká ọmọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀, mélòó ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀ lé e? A kò gbin iṣu, a ń sọ pé ilẹ̀ kò hu iṣu. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ náà ti rí, kí ó wo iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìjọba kan náà tí ó fagi lé èdè wa ní kíláàsì ni ó ń tẹ náírà, tí ó sì kọ iye owó sára rẹ̀ ní àmì àti ní ọ̀rọ̀ Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Bí ọ̀rọ̀ òǹkà wa bá dára fún àpò àgbà, èéṣe tí kò dára fún etí ọmọdé?

Iṣẹ́ Yá

Àríwísí tí kò ní àbá nínú, ariwo lásán ni. Àbá mi kò ju mẹ́ta lọ.

Èkíní, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má ṣe jáde lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ láìní àpò kóró lọ́wọ́. Kóró àgbálùmọ̀, ọmọ ayò, ìdérí ìgò, òkúta wẹ́wẹ́, èyíkéyìí tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wọn yóò ní kíláàsì ti kún jù, pé ọmọ àádọ́rin ni ó wà níbẹ̀, pé owó kò sí. Kóró àgbálùmọ̀ kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ni a ń ṣà á. Ọmọ àádọ́rin tí ó lè pariwo pọ̀ lè pín sí ọ̀wọ́ mẹ́rìnlá, márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì to kóró pọ̀.

Èkejì, kí ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka ìṣirò jọ jókòó, kí wọ́n jọ kọ́ni ní òǹkà. Kí onímọ̀ ìṣirò mọ ìdí tí àádọ́ta fi ń jẹ́ àádọ́ta; kí onímọ̀ èdè mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ti rí nípa ojú àti iye.

Ẹ̀kẹta, kí ìbéèrè ìdánwò wa yí padà. Dípò kí á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ 185 ní Yorùbá nìkan, kí á ní kí ó to ohun tí ó dúró fún un, kí ó kọ àmì rẹ̀, kí ó pe ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé ìdè tí ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí kò tíì yẹ lẹ́ni tí à ń fi ọmọ lé lọ́wọ́, ìbáà gba ìwé-ẹ̀rí mẹ́wàá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò wọ ọpọlọ. Ojú ní ọ̀nà tirẹ̀, àmì ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ní tirẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá dí méjì, tí ó wá ń dá ẹ̀yí tí ó kù lẹ́bi pé kò gba èrò, ara rẹ̀ ni kí ó bá wí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ ó jáde lọ sí kíláàsì lọ́la, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé òǹkà Yorùbá ń dá ọpọlọ ọmọ láàmú, ẹ má ṣe bínú, ẹ má sì ṣe jà. Ẹ tẹ́ àtẹ, ẹ da kóró sí i, kí ẹ sì pe ọmọ kan wá.